Ẹ Gbé Fíìmù Ìparí Ọdún Wá sí Òkè-Ògùn

Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí í la, ọ̀rọ̀ fíìmù ló máa ń gbà mí lọ́kàn. Oṣù Kejìlá làwọn òṣèré wa máa ń kó iṣẹ́ ńlá jáde sí sinimá. A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé, tó jáde lóṣù Kejìlá 2023, pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ. Kò sí fíìmù Nàìjíríà tó ṣe é rí ṣáájú rẹ̀ nílé sinimá wa. Ìbàdàn ni mo ti wò ó. Mo ta èlùbọ́ tán ní Bódìjà, àbúrò mi bá fà mí lọ́wọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n pa iná, tí ojú Fúnkẹ́ gba ògiri láti òkè délẹ̀, mo gbàgbé èlùbọ́, mo gbàgbé gbèsè.

Àmọ́ fíìmù Aníkúlápó ló ń dùn mí jù. Igbójàyè, Òkè-Ògùn níbí, ni Kúnlé Afọláyan ti yà á. Ahunṣọ ni Ṣàró inú ẹ̀, ta ni yóò sì sọ ìtàn ahunṣọ fún ará Ìsẹ́yìn, ìlú ahunṣọ? Síbẹ̀, orí fóònù la ti wò ó ní Ilua, ìlú wa, èèyàn mẹ́fà. Mo fi fóònù ti igbá. Ìyá mi nàka: “Ìyá Dàmọ́lá, wo ilé alámọ̀ yẹn! Irú ilé tí wọ́n bí mi sí nìyẹn.” Kí wọ́n tó sún ojú mọ́ ọn, dátà ti tán.

Lọ́dún 2022 tí Aníkúlápó jáde, ìgbìmọ̀ tó ń yan fíìmù Nàìjíríà lọ sí Oscar ní kò sí èyí tó yẹ. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún 2023, àmì-ẹ̀yẹ AMVCA fi Aníkúlápó ṣe fíìmù tó dára jù. Àwa tá a ni ilẹ̀ tí wọ́n ti yà á, a ò tíì wò ó tẹ́rùn.

Ilua ò ní sinimá. Ẹni tó bá fẹ́ wo fíìmù ní sinimá á gba Òkèhò, á gba Ìsẹ́yìn, kó tó fojú kan Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀, nígbà ayé Ògúndé àti Adé Love tó bí Kúnlé, fíìmù ló ń wá èèyàn wá: wọ́n á gbé e láti ìlú dé ìlú, wọ́n á fi í hàn ní gbọ̀ngàn àti iléèwé.

Ẹ̀yin aṣefíìmù, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa lóṣù Kejìlá yìí, kódà kó jẹ́ alẹ́ kan péré. Aṣọ funfun fífẹ̀ kan ní pápá iléèwé ti tó. Ẹ̀yin ọmọ Ilua tẹ́ ẹ ń bọ̀ wá ṣọdún, ẹ dáwó jẹnẹrétọ̀. Èmi á kó àga wá. Ìyá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ilé alámọ̀ yẹn bó ṣe tóbi tó.