Ọdẹ Kúta Tó Fẹ́ Kọjá Ọ̀ṣun

Ọdẹ Kúta ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó bá ń gbèrò àtilọ dọdẹ ní Òkè-Ògùn lẹ́ẹ̀rùn yìí, kí ó ro ọ̀nà kí ó tó ro ẹran. Òfin ìbọn ọdún 1959 ò yọ ṣakabùlà sílẹ̀: ẹni tó bá ní in gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ẹ wo ẹni tó ti ki ẹ̀tù àti ọta láti ilé, tó gbé ìbọn kọ́ èjìká lórí ọ̀kadà, tó wá kan ọlọ́pàá lójú ọ̀nà. Ta ni yóò gbà pé òyà ló ń wá? Kí ìbọn ṣófo, kí a wé e, kí ẹ̀tù wà nínú ike tí ìrì kò lè wọ̀. Bó bá débẹ̀, ilé Olúọ́dẹ ló kàn, kì í ṣe igbó. Wọn yóò fi ààlà Ọgbà Ẹranko Ọ̀yọ́ Ilé tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1991 hàn án. A kì í dọdẹ níbẹ̀. Bó bá wá dé igbó tí àṣẹ wà fún, ọ̀rọ̀ pípa abo ẹran ló ká mi lára jù. Ní Colorado, ní Amẹ́ríkà, àlejò tó fẹ́ fi ìbọn àkìsẹ́nu bíi ṣakabùlà pa abo elk, ẹran bí àgbọ̀nrín tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó màlúù, kí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin tó kọjá ló ti ń kọ̀wé béèrè, oṣù Kẹsàn-án ló ń yìnbọn. Ìwé kan, ẹran kan. Wọ́n ń gbà kí a pa abo nítorí pé ìjọba ń ṣírò agbo. Tiwa ńkọ́? Ta ló ka àgbọ̀nrín Òkè-Ògùn? Èmi ò ní bá ẹni tó pa aboyún ẹtu yọ̀, bó tilẹ̀ gé itan fún mi.