PDF Tí Ó Rẹwà Kò Tó

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ewé Yorùbá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan létí àwọn kan nínú wa. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ èdè ni, iṣẹ́ tí a wá kọ́ ní yunifásítì gan-an ni ó sì kàn. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: nígbà tí a bá ń sọ ojú ewé wẹ́ẹ̀bù di PDF, kí a má ṣe fi ojú nìkan yẹ̀ ẹ́ wò. PDF lè rẹwà lójú, kí ó sì ti ba Yorùbá inú rẹ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe rí. HTML ni a fi ń kọ ojú ewé wẹ́ẹ̀bù: òun ni ó ń sọ pé èyí ni àkọlé, èyí ni ìpínrọ̀, èyí ni tábìlì. CSS ni ó ń wọ aṣọ fún un: irú fọ́ǹtì tí a ó lò, bí lẹ́tà yóò ṣe tóbi tó, àwọ̀ rẹ̀, àti àyè tí a ó fi sílẹ̀ ní etí ìwé. Håkon Wium Lie ni ó dá àbá CSS ní 1994, ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1996. PDF ní tirẹ̀ jáde láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Adobe ní 1993, ó sì di ìlànà àgbáyé lábẹ́ ISO ní 2008. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ojú ewé wẹ́ẹ̀bù máa ń fẹ̀, ó sì máa ń sún kì, bí ẹ̀rọ tí a fi ń wò ó bá ṣe tóbi tó. PDF dúró gbọn-in bí ìwé títẹ̀.

Láti gbé iṣẹ́ kúrò nínú ti àkọ́kọ́ bọ́ sí ti èkejì, àwọn olùkọ ètò kọ̀ǹpútà ti ṣe irinṣẹ́ sílẹ̀ tí ẹlòmíràn lè pè sínú ètò tirẹ̀. Irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Faransé ń pè ní bibliothèque. Dompdf àti mPDF wà fún àwọn tí ó ń kọ PHP. WeasyPrint wà fún àwọn tí ó ń kọ Python. Puppeteer, tí ó jáde ní 2017, máa ń pàṣẹ fún Chrome pé kí ó sọ ojú ewé di PDF láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó tì í. Prince, tí ilé-iṣẹ́ YesLogic ní Ọsirélíà ń tà, jáde ní 2003. Òun ni Lie àti Bert Bos fi ṣe ẹ̀dà kẹta ìwé wọn lórí CSS ní 2005, láti inú HTML tààrà. Odidi ìwé ti gba ọ̀nà yìí jáde, kí ẹnikẹ́ni má sì pè é ní eré ọmọdé.

Kí ni ó wá kan Yorùbá níbẹ̀? Lẹ́tà é, è àti à wà nínú Faransé, nítorí náà irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù kì í ní ìṣòro pẹ̀lú wọn. "Ilé" yóò jáde, "bàtà" yóò jáde. Ẹni tí ó bá fi irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dán irinṣẹ́ wò yóò rò pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n PDF ní fọ́ǹtì 14 tí ó bá a wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Times, Helvetica àti Courier wà lára wọn. Bí a kò bá dárúkọ fọ́ǹtì mìíràn, àwọn irinṣẹ́ kan yóò lo àwọn wọ̀nyí, pẹ̀lú àkójọ lẹ́tà tí a ṣe fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ nínú àkójọ náà. Kódà "ń" tí a fi ń sọ pé "mo ń lọ" kò sí níbẹ̀. Àmì ìbéèrè tàbí àpótí òfìfo ni yóò jókòó sí ipò wọn.

Èyí tí ó tún le ju ìyẹn lọ ni ẹ́ àti ọ̀. Unicode ni ìlànà tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ ní nọ́ńbà nínú rẹ̀, U+1EB9. Ọ náà ní, U+1ECD. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Méjì ni a fi ń kọ ọ́: ti ẹ, lẹ́yìn náà ti àmì ohùn òkè, U+0301. Kí àwa tí a ń lo álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè Benin, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1975 tí wọ́n sì ti tún ṣe láti ìgbà náà, má ṣe rò pé a yọ nínú rẹ̀. Ɛ́ àti ɔ̀ náà kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹni tí ó ń kọ̀wé ní Kétu àti ẹni tí ó ń kọ̀wé ní Ìbàdàn, ẹrù kan náà ni wọ́n jọ rù.

Kí àmì tó lè jókòó dáadáa sórí lẹ́tà rẹ̀, irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ ka òfin ìjókòó àmì tí ẹni tí ó ṣe fọ́ǹtì kọ sínú rẹ̀. Chrome ń kà á, WeasyPrint ń kà á, Prince náà ń kà á. mPDF lè kà á bí a bá tan apá tí ó ń jẹ́ useOTL fún fọ́ǹtì náà. Dompdf kì í kà á, nítorí náà àmì lè yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà. Ní ti wkhtmltopdf, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lò fún ọdún púpọ̀, wọ́n ti ti ibi ìpamọ́ kóòdù rẹ̀ pa ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. A kò rò pé ó yẹ kí a gbé iṣẹ́ tuntun lé e lórí. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Irinṣẹ́ tí ó ní òun yóò wọ Yorùbá láṣọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá ó lè kọ "ẹsẹ̀".

Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní gbogbo àmì jókòó síbi tí ó yẹ, iṣẹ́ kò tíì tán. Nínú PDF, àwòrán lẹ́tà ni ó wà lójú ewé, pẹ̀lú nọ́ńbà tí fọ́ǹtì fún un. Tábìlì kan tí wọ́n ń pè ní ToUnicode ni ó ń sọ fún ẹ̀rọ pé àwòrán báyìí, lẹ́tà báyìí ni. Bí irinṣẹ́ kò bá kọ tábìlì yìí, tàbí tí ó kọ ọ́ ní àkọtì, ojú wa yóò rí "ọkọ̀", ẹ̀rọ yóò rí nǹkan mìíràn. Ẹ wá a nínú fáìlì, ẹ kò ní rí i. Ẹ dà á kọ síbòmíràn, wótowòto ni yóò dé ibẹ̀. Afọ́jú tí ó ń fi ẹ̀rọ kàwé kò ní gbọ́ ohun tí a kọ.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè ni ìyà náà yóò jẹ jù. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni. Bí àmì ohùn bá ti bọ́ sọ nù, ó di ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tí yóò ṣe ìwádìí lórí ohùn ní ọdún mẹ́wàá sí i, tí ó sì fẹ́ kó àwọn mémoire àti ìwé ìròyìn wa jọ fún iṣẹ́ rẹ̀, kí ni yóò bá níbẹ̀? Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Láyé àtijọ́, kí Unicode tó gbilẹ̀, àwọn kan ṣe fọ́ǹtì tí ó yàwòrán ẹ sí ipò àmì mìíràn. Lórí ẹ̀rọ tí ó ní fọ́ǹtì náà, Yorùbá gidi ni. Lórí ẹ̀rọ mìíràn, kò sí ẹni tí ó lè kà á. Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹlẹ̀: ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán lára èdè wa.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, "Ṣebí Word ń ṣe PDF, kí ni wàhálà yìí wà fún?" Fún lẹ́tà ojú ewé kan, a gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn tí ènìyàn mẹ́wàá kọ, tàbí àkójọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè tí ó ní ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀, ìyẹn yàtọ̀. Bí a bá kọ CSS lẹ́ẹ̀kan, gbogbo àpilẹ̀kọ ni yóò wọ aṣọ kan náà. Bí àṣìṣe bá wà nínú aṣọ náà, ibì kan ṣoṣo ni a ó ti tún un ṣe. Àwọn gbólóhùn àpẹẹrẹ tí a máa ń fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ rẹ̀, èyí tí a sábà máa ń fi àlàfo tò títí yóò fi wọ́, HTML lè dè wọ́n mọ́ra kí wọ́n má yẹ̀. Prince àti WeasyPrint sì lè to àlàyé ìsàlẹ̀ ewé àti nọ́ńbà ojú ewé fúnra wọn.

Àwọn mìíràn yóò ní, "A kì í ṣe olùkọ ètò." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnì kan tàbí méjì nínú kíláàsì tó láti kọ aṣọ náà, ọ̀rọ̀ lásán ni àwọn tí ó kù yóò máa kọ. Àwọn tí ó bá sì ní kí a yọ àmì ohùn kúrò kí ara lè tù wá, a kò bá wọn jiyàn nípa ìkéde tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ọjà. Ìwé ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá-èdè ni à ń sọ.

Nítorí náà, ohun tí a dámọ̀ràn nìyí. Àkọ́kọ́, kí gbogbo àpilẹ̀kọ kọjá lábẹ́ ìlànà NFC kí a tó sọ ọ́ di PDF, kí ọ́ tí ẹnì kan tẹ̀ àti èyí tí ẹlòmíràn tẹ̀ lè jẹ́ nọ́ńbà kan náà nínú ẹ̀rọ. Python àti PHP ní ohun tí ó ń ṣe é. Èkejì, kí a dárúkọ fọ́ǹtì tí ó mọ àmì wa, bíi Charis SIL tàbí Gentium, tí a lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kí fọ́ǹtì náà sì wà nínú PDF gan-an. PDF/A, ìlànà ìpamọ́ tí ó jáde ní 2005, fi ìyẹn ṣe dandan. Ẹ̀kẹta, kí a fi gbólóhùn yìí dán irinṣẹ́ wò ní àkọtọ́ méjèèjì: "Ọkọ mi ń gbé ọkọ́ sínú ọkọ̀", "Ɔkɔ mi ń gbé ɔkɔ́ sínú ɔkɔ̀." Kí a fi pdffonts wò ó bóyá fọ́ǹtì wà nínú fáìlì, kí a sì fi pdftotext yọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde. Bí èyí tí ó jáde bá yàtọ̀ sí èyí tí a kọ, kí a wá irinṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀kẹrin, kí a máa tọ́jú HTML pọ̀ mọ́ PDF, nítorí láti inú HTML ni a ti lè tún PDF ṣe nígbàkigbà.

A ó fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé ìròyìn yìí, kí ó sì dé orí àwọn mémoire wa. Ẹni tí èrò rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tiwa, tàbí tí ó mọ irinṣẹ́ tí ó sàn ju àwọn tí a dárúkọ lọ, kí ó kọ ọ́ wá sí ojú ewé yìí, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀.