Owó wà lára Ìjàpá, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ló ń tán lọ

Bí èèyàn bá wa Volkswagen Ìjàpá lọ sọ́dọ̀ ọmọ mẹkáníìkì tí kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún lónìí, ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ náà máa ṣe ni pé yóò lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú. Tánkì epo àti sípíà táyà ló máa bá níbẹ̀. Tí wọ́n bá wá mú un lọ sẹ́yìn, tó rí ẹ́ńjìnnì, ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e ni pé rédíétọ̀ dà, ibo ni wọ́n ń bu omi sí? Ẹni tó ni mọ́tò á rẹ́rìn-ín, àwọn tó dúró níbẹ̀ náà á bá a rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín, nítorí ẹni tó ń béèrè rédíétọ̀ yìí náà ni wọ́n máa gbé ẹ́ńjìnnì lé lọ́wọ́ láìpẹ́, nígbà tí kò bá sí ọ̀gá àgbà kankan nítòsí mọ́.

Àwọn tó ń gba ti mọ́tò yìí wà káàkiri. Dókítà wà nínú wọn, lọ́yà wà níbẹ̀, àwọn oníṣòwò àtàwọn ọmọ yunifásítì tí wọ́n jogún mọ́tò bàbá wọn náà wà níbẹ̀. Wọ́n á lọ ra èyí tí wọ́n ti pa tì sábẹ́ igi máńgòrò fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí adìẹ ti ń yé ẹyin sínú rẹ̀, wọ́n á gbé e sórí ọkọ̀ akẹ́rù wá sílé. Lẹ́yìn náà ni owó á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Páńẹ́lì bítà á gbowó, ẹni tó ń kun ọ̀dà á gbowó, ẹni tó ń rán ìjókòó aláwọ á gbowó, rìímù tó ń dán yinrin á tẹ̀ lé e. Ìgbà tó bá wá ku ẹ́ńjìnnì nìkan, ìgbà yẹn ni oníǹkan á rántí pé owó ti tán lọ́wọ́ òun, á wá máa wá mẹkáníìkì tó máa bá òun ṣe é ní ọ̀pọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣì í. Ọ̀dà kì í gbé mọ́tò dé ibì kankan.

Kì í ṣe pé ilẹ̀ yìí kò ní àwọn tó mọ iṣẹ́ náà rí. Ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà tó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, Ìjàpá sì wà lára ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde. Igala náà tibẹ̀ jáde, ìyẹn mọ́tò tó jẹ́ pé orílẹ̀-èdè Brazil ni wọ́n ti ń kó ẹ̀yà ara rẹ̀ wá, tí wọ́n ń pè ní Brasília lọ́hùn-ún. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì àwọn méjèèjì wà, afẹ́fẹ́ ló sì ń tù ú lára, kì í ṣe omi. Àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n gba fúrídọ̀mù, wọ́n dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n fi kọ́lé, wọ́n fi rán ọmọ níléèwé. Kí ọdún 2000 tó dé, àwọn ará Jámánì ti kó ẹsẹ̀ wọn kúrò ní Ọ̀jọ́. Lónìí, bí kọ̀ndọ́kítọ̀ bá pariwo "Volks" lójú ọ̀nà yẹn, bọ́sítọ́ọ̀pù ló ń pè. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tó wọ iṣẹ́ náà lọ́dún 1975 ti di ẹni àádọ́rin ọdún. Ojú rẹ̀ kò ríran bíi tàtijọ́ mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì fẹ́ kó máa wọ abẹ́ mọ́tò.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ̀rọ̀ rí níbòmíràn. Ní Mexico, ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2003 ni Ìjàpá tó kẹ́yìn jáde nílùú Puebla, òun ló sì sọ gbogbo èyí tí wọ́n ti ṣe láyé di 21,529,464. Ní Brazil, wọ́n ṣe é láti 1959 títí di 1986 kí wọ́n tó dá a dúró, Ààrẹ Itamar Franco wá sọ pé kí wọ́n tún máa ṣe é, ìyẹn láti 1993 di 1996. Bọ́ọ̀sì Kombi tó ń lo irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kò pa á tì ní Brazil títí di ìparí ọdún 2005. Ohun tí èyí túmọ̀ sí lójú oníṣòwò ni pé ìlà kò já lọ́hùn-ún. Mẹkáníìkì tí kò tí ì pé àádọ́ta ọdún wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé mọ́tò tuntun ló fi kọ́ iṣẹ́ náà, iléeṣẹ́ tó ń rọ písítìn àti sìlíńdà rẹ̀ sì ń rí oníbàárà. Tàwọn tó wà níbí ti já láti bí ọgbọ̀n ọdún, ohun tó kù ni èyí tó wà lórí àwọn àgbààgbà díẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì náà kò nira, ìwà tirẹ̀ ló ní. Sìlíńdà mẹ́rin ni, méjì dùbúlẹ̀ sápá ọ̀tún, méjì dùbúlẹ̀ sápá òsì. Fáànù kan tó wà lẹ́nu ọ̀pá dáìnámò ló ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, tó ń fẹ́ ẹ sára àwọn sìlíńdà, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló sì ń yí fáànù yìí. Nítorí náà, bí iná pupa dáìnámò bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kì í ṣe pé bátìrì kò gba iná nìkan. Ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì ti já, pé kò sí afẹ́fẹ́ kankan tó ń dé ara ẹ́ńjìnnì mọ́. Ẹni tó bá ní òun á fẹ̀sọ̀ wà á délé, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló ń dáná sun. Mẹkáníìkì tó jẹ́ Toyota nìkan ló mọ̀ kò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún un. "Ọ̀gá, ẹ ṣì lè máa wà á lọ, kò kàn gba iná ni," lohun tó máa gbọ́.

Àwọn páànù pẹlẹbẹ tó yí ẹ́ńjìnnì ká ńkọ́, pẹ̀lú rọ́bà tó dí etí wọn? Ìdí tí wọ́n fi wà níbẹ̀ ni kí afẹ́fẹ́ tútù tó wà lókè má ṣe pàdé afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń jáde nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ti tú wọn dà nù pé wọ́n ń dí àwọn lọ́wọ́. Mọ́tò tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún á wá máa fa ooru ara rẹ̀ mí, pàápàá nínú gósìlóò ọ̀sán. Nígbà tó bá dákú, wọ́n á ní Ìjàpá kò lè gba ooru ilẹ̀ yìí, mọ́tò tó ti rin gbogbo ojú ọ̀nà oko ilẹ̀ yìí láyé àtijọ́.

Sìlíńdà kẹta ni kí wọ́n máa bẹ̀rù jù lọ, ìyẹn èyí tó wà níwájú lápá òsì. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tó ṣáájú ti ọdún 1971, ohun tó ń tu ọ́ìlì lára wà ní ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó kọ́kọ́ gba ara ọ́ìlì gbígbóná kọjá ló wá ń dé ọ̀dọ̀ òun. Àwọn tó ṣe mọ́tò náà mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sún un sẹ́yìn nígbà tó yá. Fáàfù tí èéfín ń bá jáde nínú sìlíńdà yẹn máa ń gùn sí i díẹ̀díẹ̀ nínú ooru. Bó bá ṣe ń gùn, àlàfo rẹ̀ ń dí, bí àlàfo bá dí tán, fáàfù kò ní lè jókòó dáadáa mọ́, á jóná, orí rẹ̀ á já sílẹ̀ sórí písítìn. Ẹ́ńjìnnì ti parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí ìtọ́jú rẹ̀ gbà kò ju kí wọ́n fi sukudiráfà já wáyà tó di ìdérí rẹ̀ mú, kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ wọn àlàfo náà láàárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, kí wọ́n rí i pé ó jẹ́ 0.15 mílímítà, kí wọ́n sì dé e padà. Lẹ́yìn kìlómítà 5,000 ni wọ́n máa tún ṣe é. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n máa pààrọ̀ ọ́ìlì, lítà 2.5 péré ni, wọ́n á fọ asẹ́ wáyà tó wà nísàlẹ̀, nítorí kò ní fílítà bíi ti mọ́tò òde òní. Ọ́ìlì kékeré yẹn ló ń ṣiṣẹ́ ọ́ìlì, òun náà ló tún ń gbé ooru kúrò lára irin. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ títí tó fi dà bí oje kò gbọ́dọ̀ bínú sí ẹnì kankan.

Ọ̀rọ̀ owó ló wà nídìí gbogbo èyí. Kó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba jọ̀wọ́ náírà fún ọjà, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,000 náírà dáadáa. Písítìn àti sìlíńdà tó ń ti òkè òkun bọ̀, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, ìwọ̀nba tó sì kù ní Ládípọ̀ tàbí ní Gate nílùú Ìbàdàn, ẹni tó bá mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú nìkan ló lè rà á láìkábàámọ̀. Iye tí wọ́n máa fi tún ẹ́ńjìnnì kan tó ti jóná ṣe, ó máa ra ọ́ìlì ọdún gbọọrọ. Ẹni tó bá ń du owó iṣẹ́ mọ́ ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n ṣe lọ́wọ́, owó kékeré ló ń ṣọ́, ńlá ló ń bá ẹ̀yìnkùlé lọ.

Àwọn kan á sọ pé eré àwọn olówó ni gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ eré náà, ìjọba àwọn ìlú mìíràn ti fi òfin tì í lẹ́yìn. Ní Jámánì, mọ́tò tó bá ti pé 30 ọdún, tó sì wà bó ṣe wà láti iléeṣẹ́, lè gba nọ́ńbà tó ní lẹ́tà H lára, owó orí kan náà ni wọ́n á máa san lórí rẹ̀ lọ́dọọdún bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi tó. Ní Britain, èyí tó bá ti lé ní 40 ọdún kì í san owó orí ojú pópó mọ́. José Mujica tó jẹ́ Ààrẹ Uruguay sọ lọ́dún 2014 pé Lárúbáwá kan fẹ́ fi mílíọ̀nù kan dọ́là ra Ìjàpá ọdún 1987 tí òun ń wà. Kò tà á. Lóòótọ́, orúkọ ẹni tó ni ín ni wọ́n fẹ́ rà, kì í ṣe irin. Síbẹ̀, gbólóhùn kan wà nínú òfin Jámánì yẹn tó yẹ kí àwọn olólùfẹ́ Ìjàpá níbí kà lẹ́ẹ̀mejì: kó wà bó ṣe wà láti iléeṣẹ́.

Ìdí ni pé ohun tí àwọn kan ń rò báyìí ni pé kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì náà, kí wọ́n fi tòkúnbọ̀ mìíràn sí i, kí wàhálà sì tán. Èrò náà kò burú fún ẹni tó kàn fẹ́ máa gbé ọmọ lọ síléèwé. Lọ́dún 2014, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ yọ ti Ìjàpá tirẹ̀, ó sọ ọ́ di mọ́tò tó ń lo oòrùn àti afẹ́fẹ́, gbogbo ayé ló sì gbọ́. Ìyẹn jẹ́ ìwádìí, ó yàtọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fi ẹ́ńjìnnì omi sẹ́yìn Ìjàpá gbọ́dọ̀ wá ibi tí rédíétọ̀ máa wà, kó gé irin, kó yí gíà padà, nígbà tó bá sì parí, mọ́tò tí kò sí mẹkáníìkì kankan láyé tó mọ̀ ọ́n ló ní. Ẹ́ńjìnnì tó yọ sọnù yẹn, nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló dì í mọ́ gíà. Ọkùnrin méjì tó mọ̀ ọ́n, tí wọ́n ní jáàkì àti sípánà, lè sọ ọ́ kalẹ̀ kí wákàtí kan tó pé.

Ọ̀nà àbáyọ kò ní kí wọ́n dúró de ìjọba. Àwọn tó nífẹ̀ẹ́ mọ́tò yìí máa ń pàdé, wọ́n máa ń ya fọ́tò, wọ́n máa ń rán aṣọ ẹgbẹ́. Èésú ni wọn kò tí ì dá. Bí ogún èèyàn bá ń dá owó lóṣooṣù, wọ́n lè jọ ra ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì láti Brazil lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n pín in, dípò kí kálukú máa ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú owó ẹrù tó ju owó ọjà lọ. Nínú owó yẹn náà ni wọ́n ti lè máa san nǹkan fún ọ̀gá àgbà kan, kó fi kọ́ ọmọ méjì tàbí mẹ́ta níṣẹ́. Lọ́dún 1969, John Muir kọ ìwé kan ní Amẹ́ríkà tó ń kọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò bó ṣe máa fúnra rẹ̀ tún Volkswagen ṣe, àìmọye èèyàn ló sì tipasẹ̀ rẹ̀ mú sípánà dání. Ohun tí ọ̀gá ilẹ̀ yìí mọ̀, kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Fóònù tí wọ́n fi ń ya fọ́tò ọ̀dà tó ń dán lè ká ohùn àti ọwọ́ bàbá náà sílẹ̀ bó ṣe ń tú u.

Àwọn ọ̀gá náà ní ẹ̀bi tiwọn o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń rán ọmọṣẹ́ lọ ra omi nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ibi tó ṣòro jù, kó má baà di alábàádíje lọ́la. Ó lè bọ́gbọ́n mu nígbà tí Ìjàpá kún ìgboro. Ta ló tún ń bá ẹni àádọ́rin ọdún díje nísinsìnyí?

Kí èésú tó pọ̀, kí ọmọṣẹ́ sì tó gba fúrídọ̀mù, ohun kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró. Rọ́bà tí epo ń gbà dé kábúrétọ̀ máa ń gbẹ nínú ooru ẹ̀yìn yẹn, á sán, epo á máa kán sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Báyìí ni ọ̀pọ̀ Ìjàpá ṣe ń jóná lójú ọ̀nà, màgnísíọ̀mù sì wà nínú irin ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó jẹ́ pé bí iná bá ti ràn án, omi ń mú kó le sí i ni. Owó rọ́bà tuntun kò tó ti epo tó máa kún tánkì. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nílé kó fọwọ́ tẹ rọ́bà náà wò láàárọ̀ ọ̀la. Bó bá le gbagidi, tó ń ṣẹ́ bí ewé gbígbẹ, kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní pálọ̀, kó wọ ọ̀kadà lọ rà á.