Àgbà Kì Í Wà Lọ́jà Kí Orí Ọmọ Tuntun Wọ́

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí lójú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ owó oṣù kò kúrò nílẹ̀, a ó padà sí i. Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni a fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé torí tiwọn ni a ṣe ń jí ní ìdájí.

Ẹnikẹ́ni tó bá rin Lafiaji já ní ìrọ̀lẹ́, láti Okesuna títí dé ọjà Sandgrouse, yóò rí ohun tí à ń wí. Lórí àtẹ̀gùn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, níwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ jókòó ní mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n tẹ orí ba, iná fóònù ń tàn sí wọn lójú. Wọn kò pariwo, wọn kò jà. Àwa tó ti rẹ̀ a máa kọjá, a máa yìn wọ́n pé ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n. Àwọn bàbá wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ ń wọ́ lójú wa, àwa sì wà lọ́jà.

Ọ̀kan nínú àwọn dírẹ́bà wa ló jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, ń ké pé ọrùn àti ẹ̀yìn ń ro òun. Ohun tí gbogbo wa ì bá sọ ni bàbá náà sọ: "Ẹ̀yìn wo ni ọmọdé ní? Èmi tí mo ń wa ọkọ̀ láti aago mẹ́rin ìdájí ńkọ́?" Ó fi róòbù pa á lẹ́yìn, ó ní kó lọ sùn. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta kó tó gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kò rí ohun tó ṣe eegun rẹ̀. Ó wá béèrè pé wákàtí mélòó ni ọmọ ń lò nídìí fóònù lójúmọ́. Bàbá kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé kì í sí nílé. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló dáhùn: láti ìgbà tí òun bá ti ilé-ìwé dé títí bàbá òun yóò fi wọlé.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe àwọn ọmọ. Ẹ̀yin tó ń gbé ẹrù ní fakitiri mọ èyí: bí ẹ bá gbé garawa omi mọ́ àyà, ó rọrùn. Ẹ na ọwọ́ síwájú pẹ̀lú garawa kan náà, kò ní pẹ́ tí èjìká yóò fi máa gbọ̀n. Garawa kò wúwo sí i. Ibi tí ẹ gbé e sí ló yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni orí. Orí àgbàlagbà tó nǹkan bíi kílò 5. Bí ó bá dúró ṣánṣán lórí ọrùn, eegun ló ń gbé e. Bí ó bá tẹ̀ síwájú, iṣan ọrùn àti ti ẹ̀yìn ló ń fà á mú kó má bàa já wálẹ̀. Ní 2014, Kenneth Hansraj, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ eegun ẹ̀yìn ní New York, fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀ pé bí a bá tẹ orí ba dé ìwọ̀n 60 díìgírì, ohun tí ọrùn ń gbé yóò dà bíi kílò 27. Àpò sìmẹ́ǹtì jẹ́ kílò 50. Ó ju ìlàjì rẹ̀ lọ. Ìṣirò ni o, kò gbé ọmọ kankan sórí òṣùwọ̀n, bẹ́ẹ̀ sì ni ọrùn tó dá ṣáṣá lè tẹ̀ ba fún ìgbà díẹ̀ kó má ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n wákàtí 5 lójoojúmọ́ ńkọ́?

Brazil kì í ṣe ilẹ̀ àjèjì sí àwa ará Ìsàlẹ̀ Èkó. Láti ibẹ̀ ni àwọn Àgùdà ti padà wálé, tí wọ́n tẹ̀dó sí agbègbè Campos. Ní ìlú Bauru ní ilẹ̀ Brazil yìí, àwọn olùwádìí tọpa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíríámà tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọmọ ọdún 14 sí 18, fún ọdún kan. Àwọn tó ń lò ju wákàtí 3 lọ lójúmọ́ nídìí tẹlifíṣọ̀n, kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, àwọn tó ń gbé e sún mọ́ ojú jù, àti àwọn tó ń dojú bolẹ̀ láti wò ó, ni ẹ̀yìn sábà máa ń ro jù. A kò ní torí èyí sọ pé fóònù nìkan ló jẹ̀bi. Ìjókòó gbọọrọ, àìṣeré, àìsùn tó, àti ìbànújẹ́ ọkàn náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, fóònù mọ bí a ṣe ń kó gbogbo wọn jọ sójú kan.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ní 1919, àdéhùn àkọ́kọ́ tí Àjọ Iṣẹ́ Àgbáyé ṣe ni pé kí iṣẹ́ fakitiri má ju wákàtí 8 lọ lójúmọ́. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa ti 1974 sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 4 lọ láìdáwọ́ dúró. Ó tún kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni di ẹrù tó lè ba ìdàgbàsókè ara ọmọdé jẹ́ rù ú. Bí ọ̀gá kan bá fi ọmọ yín jókòó sójú kan fún wákàtí 6, tí kò jẹ́ kó dìde, kí ẹ tó dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́, ariwo yín yóò ti ṣáájú yín. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò ní gbà fún ọ̀gá, a ń gbà á fún fóònù nínú ilé wa. Ọmọdé kò ní yúníọ̀nù. Àwa òbí ni yúníọ̀nù rẹ̀.

A kò sọ èyí láti dá ìyá tàbí bàbá kankan lẹ́bi. A mọ bí Èkó ṣe rí. Ẹni tó bá ṣe ofataìmù tán tó tún há sínú gosiló lórí afárá, aago mẹ́sàn-án lè lù kó tó délé. Yàrá kan ni ọ̀pọ̀ wa ní, kò sí tábìlì, orí bẹ́ẹ̀dì ni ọmọ ti ń ka ìwé. Títì ti kún fún ọkọ̀, a kò fẹ́ kí ọmọ bọ́ síta. Fóònù ló wá di alágbàtọ́. A kò sì ní kí ẹnikẹ́ni kó fóònù dànù. Nígbà tí wọ́n ti ilé-ìwé pa ní oṣù kẹta 2020 nítorí Kòrónà, lórí rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ni ẹ̀kọ́ ti ń wọlé. Ohun tí à ń wí ni pé kí iṣẹ́ ní wákàtí, kí ìsinmi náà ní tirẹ̀.

Nítorí náà, à ń rọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ báyìí:

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ jókòó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ láìdìde rìn, bó ti wù kí eré náà dùn tó.

Ẹ kọ́ ọ kó gbé fóònù sókè wá bá ojú, kì í ṣe kó gbé ojú lọ bá fóònù. Ó lè gbé e ti agolo mílíìkì tàbí ìwé tí a tò jọ. Kó má dojú bolẹ̀ lórí ẹní wò ó.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé ọmọ ọdún 5 sí 17 nílò ó kéré tán wákàtí 1 eré tó ń mú ara ṣiṣẹ́ lójúmọ́. Bọ́ọ̀lù, okùn fífò, súwẹ̀, kí ara ṣáà máa yí. Fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 5, wọ́n sọ ní 2019 pé kí àwòrán má ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́, kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má wò ó rárá.

Bí ọmọ bá ní ẹ̀yìn ń ro òun, ẹ gbà á gbọ́. Ọ̀pọ̀ irú ìrora bẹ́ẹ̀ ni yóò lọ bí ara bá ń yí tí oorun sì tó. Ṣùgbọ́n bí ìrora bá ń jí i lóru, bí ara rẹ̀ bá ń gbóná tàbí tó ń rù, bí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri, bí kò bá lè mú ìtọ̀ ró, bí eegun ẹ̀yìn bá yọ síta, ẹ má di ẹ̀bi náà ru fóònù. Ikọ́ ife a máa wọ eegun ẹ̀yìn. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde náà a máa fi ẹ̀yìn ríro hàn. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù kíákíá. Ọsibítù Jẹ́nẹ́rà ní Marina kò jìnnà sí wa, ti Ìgbóbì sì wà fún ọ̀rọ̀ eegun.

Ìyẹn ni ti inú ilé. Ti ẹgbẹ́ náà wà níbẹ̀. Ní ìpàdé ẹ̀ka tó ń bọ̀, a ó gbé ọ̀rọ̀ méjì kalẹ̀: kí ofataìmù má jẹ́ dandan fún òbí tó ní ọmọ kékeré nílé, kí a sì kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀ fún ibi ìṣeré nínú Lafiaji níbi tí ọmọ tálákà lè ti gbá bọ́ọ̀lù láìsan kọ́bọ̀. Ẹ wá, kí ẹ wá sọ èrò yín.

Ẹ̀yìn tiwa ti tẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Owó ọmọ ni a fi í wá. Bí ẹ bá wọlé lálẹ́ òní, kí ẹ tó béèrè oúnjẹ, ẹ fi fóònù tiyín náà sílẹ̀, kí ẹ wo ibi tí orí ọmọ wà.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.