Ẹ fi alábàárù sílẹ̀, ẹ lọ bo àga yín

1/ Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí máa dun àwọn kan. Tí àga onítìmùtìmù yín bá bàjẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ń kó kúrò nílé, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe alábàárù ló bà á jẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ẹrù ni.

2/ Ẹ wò ó ná. Éjẹ́ńtì gba tiẹ̀, ẹ san. Lánlọ́ọ̀dù ní owó àgírímẹ́ǹtì, ẹ san. Ó tún ní kọ́ṣọ̀n, ẹ san. Ó wá ku owó tapólì, ẹ ní "ẹ jẹ́ ká máa lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ò jìn." Nínú oṣù Òkúdù! L'Ékòó! Ta ló bá òjò ṣàdéhùn?

3/ Fọ́ọ̀mù inú àga ń fa omi bíi kànìnkànìn ni. Aṣọ òkè á gbẹ, inú á ṣì tutù. Tó bá ṣe díẹ̀, òórùn á bẹ̀rẹ̀. Ó ti ń bu nìyẹn o. Lọ́fínńdà ò lè gbà yín.

4/ Mo mọ èsì yín: "Ṣebí iṣẹ́ wọn la sanwó fún?" Iṣẹ́ wo? Gbígbé lẹ bá wọn dúnàádúrà lé lórí. Ta ló dárúkọ wíwé? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n wé e, ẹ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì san án. Kẹ́ ẹ wá máa yọ owó ọmọ ọlọ́mọ torí pé àga ya, ìrẹ́jẹ ni.

5/ Wíwé yẹn ò sì le. Ẹ fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tó ti gbó wé e, kí láìlọ́ọ̀nù tó gun orí ẹ̀. Tó bá jẹ́ aṣọ àrán, ẹ fi páálí sábẹ́ okùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ okùn á fi àmì sí i. Ẹ má lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ awọ. Ẹ tú ẹsẹ̀ àga tó bá ṣeé tú. Kí wọ́n gbé e nísàlẹ̀ níbi igi, kì í ṣe lápá.

6/ Ọkọ̀ yẹn ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíì ló gbé lánàá. Ìdun ò ní kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé yín. Ẹ má gbé àga kalẹ̀ níhòòhò sínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀.

7/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wé e náà, ẹ gbọ́ tiyín. Ẹ ti dé ilé tuntun látọdún tó kọjá, láìlọ́ọ̀nù ṣì wà lára àga! Àlejò á jókòó, á máa dún wárawàra lábẹ́ ẹ̀. Tí omi bá ti wọbẹ̀, kò ríbi jáde nìyẹn, ẹ sì ń fọwọ́ ara yín sin èbu ni. Ọ̀nà la torí ẹ̀ wé e. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé, ẹ tú u.

8/ Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àwọn ọmọkùnrin tó ń gbé àga yín sọ̀kalẹ̀ látàjà kẹta ti ṣe iṣẹ́ tiwọn. Ẹ ṣe tiyín, kẹ́ ẹ sì san owó wọn pé.