Ta Ló Ní Kọ́kọ́rọ́ Ìwé Ẹgbẹ́ Wa?

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò, Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Àbújá àti Port Harcourt, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó yẹ ká jọ sọ.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti ilé ẹ̀kọ́ wa ò fi bẹ́ẹ̀ kọ nǹkan sínú ìwé ńlá mọ́. Orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wà lórí Google Drive akọ̀wé, ìṣirò owó wà lórí OneDrive akápò, fọ́tò àwọn ọmọ wà lórí Dropbox ẹlòmíì. Cloud ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀: kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ńlá tó wà lọ́nà jíjìn, tí a ń gbé nǹkan wa sí látorí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò burú rárá. Bí fóònù bá sọnù, nǹkan wa ò bá a lọ.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ wa rò pé onílé ló máa bá wa tilẹ̀kùn. Rárá o. Onílé ń ṣọ́ ọgbà, ayálégbé ló ń ti yàrá tiẹ̀. Lọ́dún 2024, àwọn ọ̀daràn kó dátà àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń lo Snowflake; AT&T wà lára wọn. Mandiant tó ṣèwádìí rẹ̀ sọ pé wọn ò fọ́ Snowflake fúnra rẹ̀. Páswọ́ọ̀dù àwọn oníbàárà tí wọ́n ti jí, tí òmíì ti wà nílẹ̀ látọdún 2020, ni wọ́n fi wọlé, àwọn àkáǹtì náà ò sì ní kóòdù kejì. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọbẹ̀.

Àwọn kan ní ká kó gbogbo rẹ̀ sójú kan. Àwa ò gbà. Bí ojú kan yẹn bá bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ ló lọ. Kì í ṣe pé ibi tí a kó nǹkan sí pọ̀ ni wàhálà wa, bí kò ṣe pé a ò mọ ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́.

Àwa tá a wà lájò ló sì kàn jù. Ìwé tó ní orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù àti iye tí oníkálukú dá nínú àjọ, bó bá bọ́ sọ́wọ́ ajínigbé, kò tún nílò amí mọ́. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti 2023 fún ẹni tó ń tọ́jú dátà ní wákàtí 72 láti fi tó Àjọ tó ń rí sí i létí, bí jíjò dátà bá lè kó àwọn èèyàn sí wàhálà. Ẹgbẹ́ tí ò mọ ibi tí dátà rẹ̀ wà, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ti jí i?

Nítorí náà, ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀: ibo la kó nǹkan sí, kí ló wà níbẹ̀, ta ló lè ṣí i? Kí ìmeèlì tí a fi ṣí i jẹ́ ti ẹgbẹ́, kó má jẹ́ ti ẹnì kan. Kí kóòdù kejì wà ní gbogbo ibẹ̀, kì í ṣe ní ọ̀kan péré. Ọjọ́ tí olóyè bá gbé ipò sílẹ̀ ni ká yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Kí ẹnikẹ́ni má bínú, a ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ẹni tó kó kúrò nínú ilé, ṣebí kọ́kọ́rọ́ ló máa ń dá padà.