Òfin Wà ní Àbújá, Gọ́tà Wà Lọ́wọ́ Káńsù: Ta Ni Yóò Tọ́jú Ohun Àtijọ́ Wa?

Ní ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ilẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè kan wà tí àwọn káńsẹ́lọ̀ kì í fẹ́ kí a bi wọ́n ní gbangba. Bí ìlú bá fẹ́ la ọ̀nà, bí ó bá fẹ́ kọ́ ọjà, bí baálé ilé kan bá fẹ́ wó ilé bàbá rẹ̀ kí ó lè kọ́ èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò lè gbé, tí ohun àtijọ́ kan sì dúró sí ojú ibẹ̀, èwo ni kí a fi sílẹ̀? Àwọn kan a máa dáhùn kíákíá pé, "Ẹ wó o." Àwọn mìíràn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbé ìlú náà, a sì máa dáhùn kíákíá pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án." Àwa kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú ìdáhùn méjèèjì, nítorí pé kò sí èyí tí ó kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí òjò ń pa nínú ilé náà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí òfin wí, nítorí ẹni tí kò mọ òfin ni wọ́n máa ń fi òfin dẹ́rù bà. Láti ọdún 1953, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso wa, ni òfin ti wà lórí ohun àtijọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún 1979 ìjọba ológun ṣe òfin tuntun, wọ́n sì dá Àjọ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ohun Ìrántí sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Bí a bá ti kéde ilé kan tàbí igbó kan ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ wó o tàbí kí ó yí i padà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ Àjọ náà, ìbáà ṣe ẹni tí bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ po amọ̀ rẹ̀. Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1999 pẹ̀lú fi irú ohun bẹ́ẹ̀ sí ìkáwọ́ Ìjọba Àpapọ̀, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ láti ṣòfin lórí àwọn tí Ìjọba Àpapọ̀ kò kéde.

Káńsù ńkọ́? Òfin-ìpìlẹ̀ kan náà ka iṣẹ́ káńsù lẹ́sẹẹsẹ: itẹ́ òkú, ibi ìpẹran, ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìgbẹ́ gbogbo ènìyàn, ọ̀nà, òpópónà, gọ́tà, kíkó ìdọ̀tí, sísọ òpópónà lórúkọ àti kíkọ nọ́ńbà sí ara ilé. Ó rántí ọkọ̀ ojú omi, ó rántí ọmọlanke, ó tilẹ̀ rántí ajá tí a ń sìn nínú ilé. Kò mẹ́nu kan ilé àtijọ́ tàbí igbó òrìṣà kankan.

Ẹ wo ohun tí ìpín yìí ń bí. Ẹ jẹ́ kí a fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí àwọn Àgùdà mú ọgbọ́n kíkọ́ rẹ̀ ti Bràsíìlì bọ̀, tí àwọn oníṣòwò àti oníkòkó ayé àwọn bàbá wa sì fi ń ṣe yangàn. Wọ́n ti kéde rẹ̀. Gọ́tà iwájú rẹ̀ ti dí tipẹ́. Omi òjò kò rí ọ̀nà lọ, ìpìlẹ̀ ilé ni ó ń wọ̀. Ògiri sán. Onílé lọ sí káńsù. Wọ́n ní ilé náà ti di ti Àbújá. Ó kọ̀wé sí Àbújá. Wọ́n ní kí ó má fọwọ́ kàn án títí òṣìṣẹ́ wọn yóò fi dé. Bẹ́ẹ̀ ni gọ́tà tí í ṣe orísun gbogbo wàhálà náà wà ní ìtòsí ọ́fíìsì káńsù, ọkùnrin mẹ́rin àti ṣọ́bìrì méjì ni ó sì ń béèrè. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ọkùnrin náà ní ìyàwó, ó ní ọmọ. Ní òru ọjọ́ kan yóò pe àwọn alágbàṣe, ilẹ̀ yóò mọ́, ìlú yóò rí òkìtì. Ta ni a ó mú nínú àwọn mẹ́ta yìí?

Ohun tí a ń wí kì í ṣe àlá. Ilé kan wà ní Ìta Tinúbú ní Èkó tí a ń pè ní Ilojo Bar. Nǹkan bí ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez, tí wọ́n jẹ́ Àgùdà, kọ́ ọ. Ní ọdún 1933 ìdílé mìíràn rà á. Ní ọdún 1956 ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ọgọ́ta ọdún ni ó fi wà lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 wọ́n wó o lulẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kọ lẹ́tà, àwọn akọ̀ròyìn pariwo. Ilé kò jí. Àwa náà bínú sí àwọn tí ó wó o, ìbínú wa sì tọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́ta ọdún yẹn, kí ni òfin ṣe fún ilé náà ju pé ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé? Òfin mọ bí a ti ń sọ pé, "Má ṣe." Àpò sìmẹ́ǹtì kan ni ó ṣòro fún un láti gbé wá. Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀ ní Èkó, níbi tí ojú gbogbo ayé wà, báwo ni yóò ti rí ní ìlú tí akọ̀ròyìn kì í dé àfi nígbà ìbò?

Ní Òṣogbo ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn, ó sì yẹ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun tó hẹ́kítà 75, èyíinì ni bí éékà 185, ní bèbè odò. Gbogbo àgbẹ̀ tí ń kà wá ni ó mọ ohun tí éékà 185 ilẹ̀ tí a kò dá oko sí jẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ìlú ńlá. Ní ọdún 1965 ni ìjọba kọ́kọ́ kéde apá kan rẹ̀ ní ohun ìrántí; ní 1992 wọ́n fẹ ààlà rẹ̀ dé ìwọ̀n tí a wí yìí; ní 2005 Àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe òfin ni ó kọ́kọ́ gbà á là. Láti ìparí àwọn ọdún 1950, nígbà tí igi ń ṣubú tí àwọn ojúbọ sì ń wó, àwọn olórìṣà, àti Susanne Wenger ọmọ ilẹ̀ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Òṣogbo, ni wọ́n fi amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì gbé e dìde. Adébísí Àkànjí, tí òkìkí iṣẹ́ rẹ̀ kàn dé òkè òkun, bíríkìlà ni kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí fi sìmẹ́ǹtì mọ ère. Bíríkìlà ìlú ni; ìjọba kò rán an wá láti ibòmíràn.

Àwọn tí ń gbé yí igbó náà ká ń san owó ààbò yìí lójoojúmọ́. Wọn kò gbọ́dọ̀ gé igi rẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ dọdẹ níbẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ pẹja nínú odò rẹ̀. Yàtọ̀ sí igbó náà gan-an, hẹ́kítà 47 mìíràn ni ó yí i ká tí a gbọ́dọ̀ fi ìṣọ́ra lò. Ìlú sì ń fẹ̀. Òṣogbo ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ láti ọdún 1991. Ẹni tí ó fi owó kòkó ra ilẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ní ìhà ibẹ̀, kí ni a ó wí fún un? Ìdáhùn wa gbọ́dọ̀ ju "Má kọ́lé" lọ. Kí a wá ilẹ̀ mìíràn fún un níbi tí ọ̀nà àti iná dé, kí a tó sọ pé a ṣe ìdájọ́ òdodo.

Nígbà tí ará ìlú sì ń pa gbogbo èyí mọ́, kí ni ó dé bá odò náà? Ní agbègbè Ìjẹ̀ṣà àwọn awakùsà ń wa wúrà, àwọn kan nínú wọn láìní ìwé àṣẹ, ẹrẹ̀ tí wọ́n ń rú sókè sì ń ṣàn wọ inú Ọ̀ṣun títí omi rẹ̀ fi pọ́n. Ní ọdún 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tí ó wá ṣe ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi náà, omi tí àwọn mìíràn ti ìrìn àjò jíjìn wá mu. Ọ̀rọ̀ kùsà, ti Ìjọba Àpapọ̀ nìkan ni. Kò sí káńsù tí ó lè fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ ìwakùsà tàbí kí ó gbà á padà. Nítorí náà, ìjọba kan náà tí ń fi òfin ṣọ́ igbó ní ìsàlẹ̀ odò ni ó ni àṣẹ lórí ilẹ̀ tí ẹrẹ̀ ti ń ṣàn bọ̀ lókè. Wọ́n fẹ́ràn láti pa á lówe fún àwa ará oko pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. A dá òwe náà padà fún wọn. Àwọn tí ń da orísun rú ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú.

Àwọn kan yóò wí pé bí a bá fi àṣẹ lé ará ìlú lọ́wọ́, gbogbo ohun àtijọ́ ni wọn yóò tà. Kí wọ́n lọ wo Ìdànrè. Orí òkè ni ìlú náà wà fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Nǹkan bí ọdún 1923 ni wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, kí ọ̀nà, ilé ẹ̀kọ́, ọjà àti oko kòkó lè sún mọ́ wọn. Nígbà náà kò sí òfin ohun àtijọ́ ní ilẹ̀ yìí. Síbẹ̀ wọn kò sọ òkè nù: ààfin àtijọ́ Ọwá dúró pẹ̀lú àwọn òpó gbígbẹ́ rẹ̀, ilé ẹjọ́ àtijọ́ dúró, àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni ènìyàn yóò sì gùn kí ó tó dé ibẹ̀. Ọdún 2007 ni Nàìjíríà tó kọ orúkọ Òkè Ìdànrè ránṣẹ́ sí UNESCO pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ ara wọn sọ̀kalẹ̀ lọ bá ọ̀nà àti kòkó, tí wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn, kò yẹ kí a máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. Ohun tí ó yẹ ni kí apá kan nínú owó tí àlejò ń san láti gun òkè máa dé ọwọ́ ìlú, kí a sì kọ iye rẹ̀ sára pátákó ní gbangba.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà tí inú wọn kì í dùn bí wọ́n bá rí páánù lórí ilé àtijọ́. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ koríko bẹẹrẹ lórí ilé ẹlòmíràn wá sùn sábẹ́ rẹ̀ ní oṣù keje. Kí ojú ilé wà bí ó ti wà, kí òrùlé má jò, èyí tó.

Kí ni káńsù lè ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni? Ó pọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2024 Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 láti inú àpò àpapọ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà, kí gómìnà kankan má dì í mú. Àwáwí àwọn alága káńsù ti kúrú láti ọjọ́ náà. Òfin-ìpìlẹ̀ sì fún káńsù ní agbára láti díwọ̀n owó tí onílé yóò san lórí ilé rẹ̀, ní ìwọ̀n tí Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ bá là sílẹ̀. Kí káńsù lọ bá Ilé Aṣòfin, kí wọ́n fi í sínú òfin pé ẹni tí ó bá tọ́jú ilé àtijọ́ rẹ̀, kí a dárí owó ilé náà jì í. Ohun tí káńsù yóò pàdánù lórí ilé mẹ́wàá lè má tó owó epo tí ọkọ̀ alága ń mu. Gọ́tà iwájú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ kó kí òjò tó dé. Kí wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ́ sí ìtòsí ibi tí èrò ń wọ́ lọ bọ òrìṣà, kí igbó mímọ́ má baà di ààtàn. Bí àtúnṣe bá sì bọ́ sílẹ̀, bíríkìlà àti káfíńtà ìlú ni kí wọ́n gbé e fún. A ti rí ohun tí irú wọn ṣe ní Òṣogbo.

Ìwé orúkọ ohun àtijọ́ ìlú pẹ̀lú, kí káńsù kọ ọ́ ní gbangba, lójú ọba, lójú ìdílé tí ó ni í, lójú ìyálọ́jà àti àgbẹ̀. Kí ìwé náà kúrú. Kì í ṣe gbogbo ògiri amọ̀ ni ìtàn; bí a bá kó gbogbo àlàpà sínú rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kò ní rí ibi kọ́lé sí, wọn yóò sì kórìíra àwọn baba ńlá wọn. Bí ọ̀nà ilé ìwòsàn kò bá ní ibòmíràn láti gbà ju ojú àlàpà kan lọ, kí a ya àwòrán àlàpà náà, kí a kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀, kí a wó o. Ṣùgbọ́n ojúbọ tí ìlú ṣì ń bọ, ibojì ọba, ilé tí kò sí irú rẹ̀ mọ́, ìwọ̀nyí ni kí ọ̀nà yà fún, bí ó tilẹ̀ ná wa ní owó sí i.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, nígbà tí ìbò káńsù bá tún dé, àwọn olùdíje yóò wá sí ìpàdé wọ́ọ̀dù yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìlù àti agbádá sọ ọ̀rọ̀ àṣà fún yín kí wọ́n sì máa lọ. Ẹ bi wọ́n pé ohun àtijọ́ mélòó ni ó wà ní wọ́ọ̀dù yìí, ta ni ń gbé inú rẹ̀, níbo ni omi òjò ibẹ̀ ń gbà lọ. Ẹni tí kò bá mọ èyí tí ó kẹ́yìn, kí ẹ fi ẹsẹ̀ mú un rìn débẹ̀, kí ó wò ó kí ilẹ̀ tó ṣú.